Bí Mo Ṣe Jókòó Lé Páìpù Aró L'Ókè-Afá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ẹdẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé, "Ìyá Ráfíù, Èkó ńkọ́?" tí mo sì ń fèsì pé Èkó wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Irọ́ ni mo ń pa. Ẹnu ló ń dùn mí nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ gígùn ò sì rọrùn. Ní báyìí tí ara ti mókun, ẹ fa àpótí súnmọ́ mi, n óò rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ Sìlífá àbúrò mi, tó ti wà l'Ékòó látìgbà tó ti lọ́kọ. Iṣẹ́ ìyá wa náà ló ń ṣe níbẹ̀, aṣọ ló ń rẹ láró. Àmọ́ kì í ṣe aró ẹ̀lú tí à ń fi ewé ṣe. Kàm̀pálà ni tiẹ̀, èyí tí wọ́n ń ra ìyẹ̀fun aró rẹ̀ lọ́jà. Òkè-Afá ló ti ń ṣe é, láàárín Ìsọlọ̀ sí Èjìgbò, létí kánáàlì ńlá kan. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó ní àwọn tí ìjọba fi ń ṣọ́ omi ti wá, wọ́n ní omi aró òun ń ba kánáàlì jẹ́. Bí wọ́n bá padà wá tí wọ́n sì bá páìpù kankan tó ń da aró sínú omi, wọ́n á fi àgádágodo ti àgbàlá òun pa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá tì í pa, kí ni mo tún fẹ́ máa ṣe láyé?"

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àmínà ọmọ rẹ̀ àtàwọn àbúrò ẹ̀ wà nílé ìwé, inú àgbàlá yẹn sì ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Mo ní kó nu ojú ẹ̀ nù, mo ń bọ̀. Mo ní ta ni wọ́n bí tó máa wá kọ́ ọmọ ìyá wa ní ọ̀rọ̀ aró? Ẹnu mi dùn lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ará mi. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ aró fi kan ẹnu yẹn.

Òṣòdì

Ojú ọ̀nà ò ní ìtàn. Mo sùn, mo jí, mo jẹ ẹ̀pà, mo tún sùn, àfi ìgbà tí wọ́n ní ká máa bọ́ọ́lẹ̀, Òṣòdì rèé.

Òṣòdì tí mo mọ̀, nígbà tí mo wá bá Sìlífá tọ́jú ọmọ tuntun, ọjà ló bò ó. Èèyàn ń rìn lórí èèyàn. Ní báyìí, wọ́n ti kọ́ ibùdókọ̀ alájà síbẹ̀, ó ga bí ilé ọba, ọ̀nà sì ti ṣí. Ẹnu yà mí. Mo dúró pẹ̀lú àpò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Ẹ kú ìnáwó!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló dúró, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Màmá, kí lẹ ń tà?"

Obìnrin agbálẹ̀ kan tó wọ aṣọ olómi ọsàn ló bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. "Ìyá, ṣé gbogbo Òṣòdì lẹ fẹ́ kí tán ni? Ilẹ̀ á ṣú bá yín síbí o."

Ó na ọwọ́ gba àpò mi. Mo dì í mú gírígírí, torí ẹ ṣáà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nípa Òṣòdì. Kò bínú. Ó ní, "Màmá, tí mo bá fẹ́ jí i ni, mi ò bá ti sáré." Ojú tì mí, mo jọ̀wọ́ ẹ̀. Ó gbé e dé ìdí kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó wo ọlọ́kọ̀ lójú kòrókòró, ó ní, "Ìyá mi nìyí o. Òkè-Afá. Tó o bá já wọn síbòmíì, èmi pẹ̀lú ẹ ni." Kí n tó béèrè orúkọ rẹ̀ kí n lè gbàdúrà fún un, ó ti padà sídìí gọ́tà tó ń kó, tó ń fi igi fa ọ̀rá jáde, tí omi tó ti dúró síbẹ̀ sì ń ṣàn lọ. Gbogbo ìlú ló ní ọmọlúàbí tiẹ̀. Èkó ò kàn ráyè kíni ni.

Òkè-Afá

Mo gbọ́ òórùn kánáàlì kí n tó rí i. Mo rò pé ẹran ló kú sí kọ̀rọ̀ kan. Sìlífá ní, "Ó máa mọ́ yín lára, Ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá di ọ̀la ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju òórùn lọ.

Àwọn àgbà ibẹ̀ sọ fún mi pé odò gidi ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ń pẹja níbẹ̀, ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́. Odò ọ̀hún rèé nísinsìnyí. Ike, ọ̀rá, kànìnkànìn, epo dúdú láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ó kó gbogbo ẹ̀ sára. Àwọn ọmọ kan máa ń dúró sórí afárá lọ́sàn-án, wọ́n á máa pariwo pé, "Ó ti pupa o!" Tó bá dọ̀la, "Ó ti di búlúù!" Eré ni wọ́n ń ṣe. Aró tí Sìlífá da nù lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń kà.

Ẹ má jẹ́ n purọ́, wọ́n tọ́jú mi. Wọ́n ń pè mí ní Màmá Òkè, torí wọ́n ní bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ń dùn mọ́ àwọn. Píọ̀ wọ́tà ni wọ́n fi ń ṣàlejò, tútù nini, àfi bíi pé òùngbẹ nìkan ni àlejò máa ń gbé rìn. Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, Sìlífá se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú pánlá, ó ro ẹ̀bà tì í. Mo lá ìka mi. Mo ní níbo l'Ékòó ni wọ́n ti ń rí irú ẹ̀fọ́ tútù yọ̀yọ̀ báyìí? Ó ní Bàbá Ìsẹ́yìn ló gbìn ín.

Bàbá ọ̀hún wá kí mi lówùúrọ̀. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹrẹ̀ kún orúnkún rẹ̀. Ìsẹ́yìn ló ti wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀fọ́ sí bèbè kánáàlì. Nígbà tó gbọ́ pé ará Ẹdẹ ni mí, ńṣe ló jókòó sílẹ̀, à ń sọ̀rọ̀ ilé. Ó ní, "Ìyá, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹni tó kíni tán pátá."

Ahọ́n mi

Ọ̀rọ̀ dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi mí ṣẹlẹ́yà.

Ẹ mọ bí ìyá wa ṣe tọ́ wa. Aláró tí ò bá tọ́ aró rẹ̀ wò, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti pọ́n? Ẹ ó ti ìka bọ ìkòkò, ẹ ó fi kan ahọ́n, ahọ́n á sọ fún yín bóyá omi eérú ló kù ni tàbí ó ti tó rẹ. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí n tó gbọ́n. Mo wọ àgbàlá Sìlífá lọ́jọ́ kejì, mo rí dírọ́ọ̀mù aró tó ń hó bí ọṣẹ, mo rìn lọ bá a bí olóyè, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi kan ahọ́n.

Háà! Ẹ̀yin ará Ẹdẹ! Iná!

Sìlífá fi aṣọ sílẹ̀, ó ń pariwo, "Ẹ tu ú dànù! Ẹ̀gbọ́n mi, kọ́sítíìkì ló wà níbẹ̀! Sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ni!" Ó ń tú píọ̀ wọ́tà sí mi lẹ́nu, mo ń tu ú jáde, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wo ahọ́n mi, ó ní kí n dúpẹ́ pé mi ò gbé e mì. Ó ní kí n má jẹ ata, kí n má sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sìlífá wò mí, ó ní, "Ti ata yẹn rọrùn."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dákẹ́ l'Ékòó. Èmi Ìyá Ráfíù! Ẹ̀kọ tútù ni mò ń mu, mo ń jókòó sí ẹnu géètì, mo ń wòran. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé kì í ṣe Sìlífá nìkan. Bí òjò bá ti ṣú, gbogbo àdúgbò á gbé ìdọ̀tí jáde, wọ́n á dúró de òjò. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dà á sínú omi, òjò á gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ti èmi nìkan kọ́." Sìlífá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo aró tó bá ti lò tán, inú páìpù, ó di kánáàlì.

Bàbá Ìsẹ́yìn gbọ́ pé mi ò lè jẹ ata, ó mú ẹ̀fọ́ wá kí wọ́n sè é fún mi láìlata. Mo fi ojú tẹ̀ lé e bó ṣe ń padà lọ. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi omi, ó ti kèǹgbè oníhò tó fi ń wọ́n ẹ̀fọ́ bọ inú kánáàlì, nísàlẹ̀ díẹ̀ síbi tí páìpù àbúrò mi ti ń dà. Omi búlúù ló gbé gòkè. Ó wọ́n ọn sórí tẹ̀tẹ̀.

Ẹ̀fọ́ tí mo ń lá ìka lé lórí!

Nígbà tí ẹnu mi yá díẹ̀, mo pe Sìlífá. Mo ní, "Ohun tí ahọ́n mi ò lè gbà, ìwọ ń fún àwọn ọmọ ẹ jẹ nínú ẹ̀fọ́." Mo rò pé ẹ̀rù á bà á. Ìbínú ló bá dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wá gbà mí ni àbí ẹ wá dá mi lẹ́jọ́? Àwọn tó ń da epo síbẹ̀ ńkọ́? Èmi ni wọ́n rí, torí pé tèmi láwọ̀!"

Òótọ́ wà níbẹ̀.

Ẹní

Ọjọ́ tí àwọn ìjọba fẹ́ wá pé, Sìlífá ti ní ọgbọ́n tó máa dá. Ó ti kó iyẹ̀pẹ̀ bo páìpù látinú àgbàlá dé bèbè, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì yọ síta, kò sì ráyè dí i torí aṣọ oníbàárà wà nínú aró. Ó tẹ́ ẹní sórí ẹnu páìpù náà gan-an, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ bá mi jókòó síbí. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ní kí ìyá àgbà dìde lórí ẹní."

Ẹ gbọ́, ọgbọ́n yẹn dáa! Mo wo ojú rẹ̀, mo rí àbúrò mi tí mo pọ̀n. Mo jókòó.

Obìnrin ni ọ̀gá wọn, kò tíì dàgbà, orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ Bísí. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìjókòó mà." Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, Ọlọ́run á bùkún ẹ." Wọ́n wo àgbàlá, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ilẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó wo ìdí mi. Sìlífá ti ń mí ìmí ìtura.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ìsẹ́yìn ti yọ, ó gbé kèǹgbè méjì lọ́wọ́.

Ọ̀gá Bísí bi í pé, "Bàbá, omi wo lẹ fi ń wọ́n ẹ̀fọ́ yìí?"

"Omi kánáàlì ni, ọmọ mi. Òun ló sún mọ́ ni."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já ewé kan, ó yí i wò. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan yìí. A máa hú u dànù lónìí."

Bàbá ò jiyàn. Ó gbé kèǹgbè sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, bàbá arúgbó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí lọ́mọ.

Èmi tí mo jókòó yìí, mo mọ ibi tí omi ọ̀hún ti ń bà jẹ́. Ó ń rin mí nídìí gan-an. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wo ló wá jókòó lé ohun tó ń mú orí bàbá arúgbó wọ́? Mo wo Sìlífá. Ó mi orí fún mi, omi ti lé sójú rẹ̀: rárá, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́.

Mo dìde. Mo ká ẹní.

Aró ń kán tó, tó, tó.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Ariwo Sìlífá gba gbogbo bèbè. "Ẹ ti pa mí!"

Ọ̀gá Bísí kọjú sí mi. "Mà, ẹ̀yin lẹ jókòó bò ó?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ fi ìdí dí odò, kò gbà." Àwọn tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé ṣéènì àti àgádágodo wá.

Bàbá Ìsẹ́yìn tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, má tì í. Bó o bá tì í, á lọ ṣí òmíì síwájú, etí omi náà ni. Jẹ́ kó dí i níbí, níṣojú èmi tí mò ń bu omi náà. Èmi ni n óò máa ṣọ́ ọ."

Ọ̀gá Bísí yíjú sí Sìlífá. "Ìyá Àmínà, kí lẹ rí sí i?"

Sìlífá yí ẹ̀yìn padà. Ó wọlé. Mo rò pé ó lọ sunkún ni. Ó gbé àkísà àti sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù síbi àtẹ̀gùn jáde, ó pò ó pẹ̀lú ọwọ́, ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi dí ẹnu páìpù náà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dìde, ẹnu páìpù ti dí.

Ọ̀gá náà ní òun fún un láyè títí di ìparí oṣù. Aró kankan ò gbọ́dọ̀ jáde ní àgbàlá mọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ́ kòtò tí omi aró á ti máa sinmi, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ti silẹ̀, ọkọ̀ ìjọba á sì máa wá kó o. Bàbá ò gbọ́dọ̀ ta ẹ̀fọ́ tó wà nílẹ̀ yẹn, kó gbin òmíì, kó sì máa bu omi kànga mọ́ṣáláṣí wọ́n ọn.

Kòtò

Sìlífá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ti di ẹrù mi. Ó wọlé, ó gbé ẹ̀kọ síwájú mi, ó ní, "Ẹ mu ún, ẹlẹ́nu kàm̀pálà. Ẹ sì tú ẹrù yẹn sílẹ̀. Ta lẹ fẹ́ fi kòtò gbígbẹ́ sílẹ̀ fún?"

Bàbá Ìsẹ́yìn ló gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àwa ń kó iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù ni pé kòtò yẹn á kún láìpẹ́ bó bá ń da aró nù bó ṣe ń dà á tẹ́lẹ̀. Mo ní nílé wa, ṣé a máa ń da aró nù ni? Aró kì í kú, ebi ló máa ń pa á; ẹ ó fi ewé ẹ̀lú bọ́ ọ. Sìlífá ní, "Tiyín nìyẹn. Tiwa, bó bá ti rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó parí." A dán an wò. Aṣọ àkọ́kọ́ jáde bí èyí tí wọ́n fi nu ilẹ̀, ó fi hàn mí, ó ní, "Ẹ rí ebi tó ń pa á?" À ń jà, à ń rẹ́rìn-ín. Òun ló wá rí i pé bí òun bá fi háídírò díẹ̀, ìyẹ̀fun tó ń jí aró, kún un, tí òun sì kọ́kọ́ rẹ aṣọ tó máa dúdú kí òun tó rẹ èyí tí kò ní dúdú púpọ̀, aró kan náà á ṣiṣẹ́ lọ gbọọrọ. Èyí tó jáde kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ojú ọ̀run lọ́sàn-án, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn oníbàárà láti Ṣógúnlé wá, wọ́n ní èyí gan-an làwọn fẹ́.

Ilé

Mi ò lè dúró dé ìparí oṣù, mo wá sílé. Ẹ bá mi nídìí odò wa lọ́jọ́ tí mo dé, ẹ ní kí ni mò ń wò. Ọ̀ṣun ni mò ń wò. Òun náà ti pọ́n, ó ti dà bíi tíì onímílíìkì, a sì ń kọjá lára ẹ̀ bíi pé a ò rí i. Ó ti mọ́ wa lára. Ìyẹn ni mo fi pinnu pé n óò sọ ìtàn yìí fún yín, kí ojú tì mí tán, kí ẹ rẹ́rìn-ín tán, ká wá dìde lọ bá àwọn tó yẹ ká bá.

Àná ni fóònù dún. Sìlífá ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti wá."

Mo di fóònù mọ́ etí.

"Wọn ò tì í. Wọ́n wo kòtò, wọ́n wo páìpù, Ọ̀gá Bísí fi òkúta gbá sìmẹ́ńtì yẹn, kò yẹ̀. Wọ́n ti mú àwọn aláró mìíràn wá wò ó, wọ́n ní kí n sọ fún wọn bí mo ṣe ṣe é. Èmi náà sọ̀rọ̀, ẹ ò bá gbọ́!"

Mo ní, "Odò ńkọ́? Ṣé ó ti mọ́?"

Mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀.

"Kò tíì mọ́ o. Ọ̀gá Bísí bu omi níbẹ̀ sínú ike, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó ṣì dúdú. Àmọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ò sí nínú ẹ̀ mọ́."